Ẹrù Tó Wà Lẹ́yìn Fìyìnfólúwa

Omi ìyàsímímọ́ ń kán láti orí Fìyìnfólúwa sí ọrùn rẹ̀ nígbà tí Wòlíì Hezekiah gbé ọwọ́ lé e ní èjìká òsì, ibi tó ń dùn ún gan-an. Ó fẹ́ ké, ó pa eyín pọ̀. Àwọn àbẹ́là ń jó lórí pẹpẹ níwájú rẹ̀, gbogbo ìjọ ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti kú tipiri lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹrù!" Wòlíì ké lójijì. Orin dá. "Mo rí ẹrù lẹ́yìn ọmọ yìí. Ó dúdú, ó tóbi, ó ń wọ́ ọ lọ sílẹ̀. Ẹnìkan nínú ilé ló ń gbé e kọ́ ọ!"

Halelúyà ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Adépéjú, ìyá Fìyìnfólúwa, tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dojú bolẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Fìyìnfólúwa kò sunkún. Ó ń ronú. Òun náà mọ ẹrù kan tó dúdú, tó sì tóbi. Ó wà nílé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, okùn rẹ̀ kan ti já. Báàgì iléèwé rẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó sì ń lọ sí iléèwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Wọ́n ti ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n ti fi róòbù pa á títí awọ ara rẹ̀ fi ń ta á, wọ́n ti se àgbo. Pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí létí. Ìgbà náà ni ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ti wà lẹ́yìn Fìyìnfólúwa rí, Olúwadárasími. Ibà díẹ̀ báyìí ni wọ́n pè é, ilẹ̀ kò sì mọ́ bá a. Láti ọjọ́ náà, bí Fìyìnfólúwa bá sín lásán, ìyá rẹ̀ á ti máa wá bàbá wòlíì kiri.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ń ṣọ́ ìrora yìí bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ olè. Ó mọ ìgbà tó ń wọlé, ó mọ ìgbà tó ń jáde. Kì í wá ní ọlidé. Lọ́jọ́ Sátidé a máa rọ̀ ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, kó tó dé ẹnu géètì iléèwé, ó ti tún dé. Gbogbo ìwé ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé lọ lójoojúmọ́, torí pé tíṣà tó bá wù ú lè wọlé nígbà tó bá wù ú, ẹni tí kò bá sì ní ìwé lọ́wọ́, ẹgba ni. Nọ́ọ̀sì kan ti wá bá wọn sọ̀rọ̀ níbi àṣẹ́ḿbìlì rí. Ó ní èjìká méjèèjì ni kí wọ́n máa fi kọ́ báàgì, kí wọ́n fa okùn rẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí ìwé tó wúwo jù súnmọ́ ara, kí wọ́n sì fi èyí tí wọn ò ní lò sílẹ̀ sílé. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n na ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ sílé.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ìjọ yí ìyá rẹ̀ ká lábẹ́ igi ẹ̀bẹ́lébò tó wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ni ó wà nínú ilé yín?" Ìyá Bùsúyì, tó máa ń darí àwọn obìnrin lórin, ló bèèrè.

"Èmi, àti ọmọ yìí, àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni bàbá rẹ̀ ń gbé, igi gẹdú ló ń kó lọ sí Èkó."

"Kò sí ẹlòmíràn?"

Adépéjú ń fọwọ́ yí àmùrè tó fi di sùtánà rẹ̀.

"Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Ìyá Bùsúyì rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan o. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣì nà ṣánṣán, tí ti ọmọdé sì ń tẹ̀. Ẹ̀yìn ta ló ń lò?"

"Báàgì mi ni," Fìyìnfólúwa sọ.

Ìyá Bùsúyì ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó tún un sọ, ó pariwo díẹ̀. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́ níbi tí àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀."

*

Ewùrà ni Ìyá Àgbà rin fún ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti fi ẹja gbígbẹ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Òde-Omi sí i, ó sì ti bù ú sínú abọ́, ó fi ọmọrí dé e kó má baà tutù. Obìnrin gíga ni. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó tukọ̀ lórí ọ̀sà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ títí apá rẹ̀ fi le bí ti ọkùnrin, títí di òní kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó kí ẹ̀yìn tẹ̀.

"Ẹ kú àdúrà," ló fi kí wọn. "Oúnjẹ ti délẹ̀."

Adépéjú kò bọ́ sùtánà rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ṣé, Màámi. Ebi ò pa wá."

Ìyá Àgbà gbójú sókè. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti gbààwẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì ti yẹ̀ lórí.

"Ebi ò pa Fìyìn náà?"

"Kò pa á."

Ìyá Àgbà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo abọ́. Fìyìnfólúwa rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń yé e díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí omi bá ń wọ aṣọ. Ọmọ náà kọjá lára ìyá rẹ̀, ó ṣí ọmọrí abọ́, kò tilẹ̀ dúró fọwọ́. Ó bu òkèlè, ó gbé e mì.

"Fìyìn!"

"Ebi ń pa mí, Mọ́mì," ó wí, ó tún bu òmíràn.

Ìyá rẹ̀ fà á lápá débi pé abọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dànù. Ìyá Àgbà dé abọ́ náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Adépéjú wá pe ọkọ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, ohùn kì í jáde níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá fi í sí sípíkà, nítorí náà ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ògiri kò sì nípọn. Fìyìnfólúwa àti Ìyá Àgbà jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: fèrè ọkọ̀ àjàgbé àti ohùn Zechariah, bàbá Fìyìnfólúwa.

"Ṣé Wòlíì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ó ní ẹnìkan nínú ilé ni, Bàbá Fìyìn. Ta ló tún kù? Ẹ rántí Dárasími. Ọwọ́ ta ló wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn?"

Fèrè ọkọ̀ tún dún. Lẹ́yìn náà Zechariah ní, "Jẹ́ kí Màámi lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Òde-Omi ná. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Tí mo bá dé, a ó jọ sọ ọ́."

Ìyá Àgbà dìde. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ̀rọ̀ síbi fóònù náà ní Ìjẹ̀bú tó ki, èdè tí kì í sọ fún ọmọ rẹ̀ àfi bí inú bá ń bí i. Ohun tó sọ kò ju pé kó rọra wakọ̀, kí ó má sì fi òru dé. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Fìyìnfólúwa tẹ̀lé e. Ó bá a tó ń ká ìró sínú báàgì aláwọ̀ mèremère kan, ó ń ká a létí létí, kò kánjú.

"Ìyá Àgbà, ẹ má lọ. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ojú mi ò fọ́. Mo ti ní kí ìyá rẹ ra báàgì mìíràn fún ọ, ó ní èmi ni mò ń kẹ́ ọ bà jẹ́."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn nígbà náà."

Ìyá Àgbà dá ìró dúró lọ́wọ́. "Èmi tí wọ́n ní mo ń jẹ ọ́ lẹ́yìn? Bí mo bá sọ pé ilẹ̀ ti mọ́, wọn ó tan iná." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. "Bí o bá mọ̀ ọ́n, èmi kọ́ ló yẹ kí o máa sọ ọ́ fún."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Fìyìnfólúwa ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó jáde, ó wọ yàrá tirẹ̀, ó sì fa báàgì náà jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

*

Ó dì í bí ó ṣe máa ń dì í ní ọjọ́ iléèwé, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ìwé ìṣirò, ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sáyẹ́ǹsì, ìwé ẹ̀kọ́ àwùjọ tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, Bíbélì, àwọn ìwé àkọsílẹ̀, fúláàsì oúnjẹ, ìgò omi tó kún dẹ́nu. Ó ti í pa, ó gbé e sí àárín pálọ̀.

Ìyá rẹ̀ jáde láti ilé ìwẹ̀. Ó ti fọ ojú, ó ti tún àmùrè sùtánà rẹ̀ dì. "Ó ti yá. Wòlíì ní kí a padà wá fún àdúrà ìdásílẹ̀. Kí ni báàgì iléèwé ń wá níbí?"

"N ò lọ, Mọ́mì."

"Kí lo wí?"

"Mo ní n ò lọ." Kò mú ojú kúrò lójú ìyá rẹ̀. "Àfi bí ẹ bá bá mi gbé báàgì yìí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe máa ń gbé e ni kí ẹ gbé e. Bí ẹ bá gbé e débẹ̀ tí ẹ sì sọ fún mi pé kò ṣe yín ní nǹkan kan, màá kúnlẹ̀. Ààwẹ̀ tí wọ́n bá ní kí n gbà, màá gbà á. N ò sì ní sọ̀rọ̀ báàgì mọ́ láéláé."

Adépéjú wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra, ó padà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Ní ibi ìdín-gàrí tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń ru ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù. "Èmi? Ìwé lásánlàsàn? Gbé e wá." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ gbé e lé orí.

"Lórí kọ́. Orí kọ́ ni mo fi ń gbé e. Èjìká kan."

"Ọmọ yìí, wèrè ń bẹ lórí rẹ."

"Èjìká kan, Mọ́mì."

Ìyá náà fi okùn tó kù kọ́ èjìká òsì. Wọ́n jáde. Ìyá Àgbà kò jáde wá wò wọ́n.

Wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ọ̀dà sì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti Òkè-Àgbò tí wọ́n ń gbé, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gun òkè díẹ̀, ó kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Adépéjú kọ́kọ́ ń rìn bí ẹni tó ń lọ síbi ìjà. Báàgì náà rọ̀ sílẹ̀ dé ìdí rẹ̀, ó ń gbá a ní gbogbo ìgbésẹ̀. Aládùúgbò kan tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù pè é pé, "Ìyá Fìyìn, ṣé wọ́n ti fi yín sí kíláàsì ni?" Ó ń rìn lọ.

Nígbà tí wọ́n gun òkè tán, ó ti tẹ̀ sí apá kan. Ó gbé báàgì náà sí èjìká kejì.

"Èmi náà máa ń yí i," Fìyìnfólúwa sọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n tún rìn díẹ̀. Ọrùn sùtánà Adépéjú ti wọ́, òógùn ti so aṣọ mọ́ ọn lára. Ó dúró lẹ́bàá òkìtì pákó kan, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó sì tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn, bí Fìyìnfólúwa ṣe máa ń ṣe bó bá dé láti iléèwé. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe é. Ó yára sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ìyẹn ò sọ pé..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín." Fìyìnfólúwa ti gba báàgì náà kúrò léjìká rẹ̀, ó gbé e lé pákó, ó ṣí i. Ó kó àwọn ìwé ńlá sí ẹ̀yìn, níbi tí yóò kan ara, ó kó fúláàsì àti ìgò omi síwájú. "Ẹ tú àmùrè yín fún mi."

"Kí n tú kí ni?"

"Okùn kejì já. Mo fẹ́ fi dípò rẹ̀."

Obìnrin tó bá wọ sùtánà láìdi àmùrè, wọn kì í jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Adépéjú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá àárẹ̀ ni, bóyá ojú tí ọmọ náà fi ń wò ó ni, kò lè sọ. Ó tú u.

Fìyìnfólúwa so àmùrè funfun náà mọ́ òkè báàgì àti ìdí rẹ̀, ó ti ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó wá fà á títí báàgì náà fi gòkè kúrò ní ìdí, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n dáadáa.

"Ẹ rìn."

Adépéjú rìn. Ó rìn dé ibi tí ojú ọ̀nà ti yà, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwé kan náà nìyí?"

"Òun náà ni. Ó ṣì wúwo jù. Ìdajì rẹ̀ ni a kì í lò."

Ìyá rẹ̀ kò yíjú padà. Ó ń gbọn èjìká díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà sì kọ́kọ́ rò pé báàgì ló ń tún ṣe. Ẹkún ni.

"Bí mo ṣe ń pariwo mọ́ ọ láràárọ̀," ó wí. "'Rìn dáadáa, kí ló dé tí ò ń rìn bí arúgbó.'"

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé, Mọ́mì."

Adépéjú fi apá sùtánà nu ojú. "Rárá. A ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Wòlíì. Ibi tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà ni a ti máa gbé e kalẹ̀."

*

Àwọn díẹ̀ ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì Hezekiah jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ìwé orin. Láìsí orin àti àbẹ́là, ó jọ bàbá arúgbó kan tí ooru ń mú. Ìyá Bùsúyì ló kọ́kọ́ rí wọn ní ẹnu ọ̀nà.

"Yéè! Ìyá Fìyìn, àmùrè yín dà?"

"Ó wà lẹ́yìn mi," Adépéjú dáhùn, ó sì wọlé.

Fìyìnfólúwa kúnlẹ̀ kí wòlíì. Kò dìde, ṣùgbọ́n kò tẹ orí ba. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹrù tí ẹ rí lẹ́yìn mi ni a gbé wá. Báàgì iléèwé mi ni. Òun ló ń dùn mí. Kì í ṣe ìyá àgbà mi."

"Ọmọdé kì í bá Ẹ̀mí jiyàn," Ìyá Bùsúyì sọ.

"N ò bá Ẹ̀mí jiyàn, mà. Ẹ̀yìn tèmi ni mò ń sọ. Èmi ni mo mọ ìgbà tó ń dùn mí."

Ẹnìkan mí kanlẹ̀. Wòlíì gbé ìwé orin sílẹ̀. Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró láìdi àmùrè, pẹ̀lú báàgì dúdú lẹ́yìn, bí ọmọ iléèwé tó dàgbà jù.

"Ta ló ń gbé báàgì náà kọ́ ọ láràárọ̀?" ó bèèrè.

Adépéjú di àmùrè tó wà léjìká rẹ̀ mú. Òun ni. Gbogbo àárọ̀ ni ó máa ń gbé e fún un, torí pé ọmọ náà kò lè dá a gbé kúrò nílẹ̀.

Wòlíì mi orí. "Ẹ ò rí i? Ìríran ò purọ́. Ẹnìkan nínú ilé ni mo wí."

Fìyìnfólúwa rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fẹ́ ṣí kúrò lọ́rùn arúgbó kan lọ sọ́rùn ẹlòmíràn, bí aṣọ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀ láìgba àṣẹ.

"Kì í ṣe mọ́mì mi náà, Bàbá! Iléèwé ló ní kí a kó gbogbo ìwé wá. Okùn rẹ̀ já, a ò tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ ṣúmékà. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan kan kọ́ mi. Ó kàn wúwo ni!"

Ohùn rẹ̀ lu ògiri, ó padà wá. Kò sẹ́ni tó ti sọ̀rọ̀ sí Wòlíì bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà. Fìyìnfólúwa dúró kí àrá sán. Kò sán. Bàbá arúgbó náà kàn ń wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju bí ọmọ náà ṣe rò lọ.

"Èmi ò pe orúkọ ìyá àgbà," ó wí nígbẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin lẹ pè é."

Ìyá Bùsúyì wo ilẹ̀. Adépéjú ti fa báàgì náà bọ́ kúrò lẹ́yìn, àmùrè náà wọ́ nílẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ó tọ́," ó wí. "Àwa la pè é."

Kò dúró gba àdúrà.

*

Ilé dá páropáro nígbà tí wọ́n dé. Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà ti tẹ́ nigín-nigín, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ó ti fọ ìkòkò. Ó ti fọ abọ́.

Wọn kò jókòó. Adépéjú dá ọ̀kadà kan dúró, àwọn méjèèjì gùn ún pẹ̀lú sùtánà wọn, wọ́n ní kó gbé àwọn lọ sí gáréèjì tí ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ti ń gbéra, ibi tí èrò Òde-Omi ti ń wọkọ̀. Fìyìnfólúwa ń wò ó lọ́kàn: wọn yóò dé ibẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀bẹ̀, òun yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì jọ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Òun ló jàre. Ẹni tó bá jàre, ṣé kì í gba ohun rẹ̀ padà ni?

Ọkọ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìyá Àgbà jókòó létí fèrèsé, báàgì rẹ̀ lórí itan, fóònù kékeré rẹ̀ ń dún lọ́wọ́. Ó rí orúkọ Zechariah lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó dún títí tó fi dákẹ́.

Adépéjú kúnlẹ̀ sínú eruku gáréèjì, lójú gbogbo èrò. "Màámi, ẹ dárí jì mí. Mo ti rí i. Báàgì ni. Mo fi ẹ̀yìn ara mi gbé e. Ẹ dákun, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyá Àgbà, mo sọ fún wọn!" Fìyìnfólúwa ti di fèrèsé mú. "Mo sọ ọ́ lójú Wòlíì, lójú gbogbo wọn. Wọ́n ti gbà."

Ìyá Àgbà wò ó pẹ́. Ẹ̀rín kan wá sí etí ẹnu rẹ̀, kò dé ojú. "Mo gbọ́. O ṣe é." Ó na ọwọ́, ó fi kan èjìká ọmọ náà, òsì, pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹyin. "Bí wọ́n bá nà ọ́ lọ́la nítorí ìwé, dúró kí wọ́n nà ọ́. Má gbé e."

"Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀," Adépéjú tún wí.

"Dìde, ìyàwó mi. N ò bá ọ jà. Ìwọ náà sin ọmọ, mo mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ènìyàn." Ó tún báàgì itan rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ọmọ mi lórí fóònù yẹn. Kò bèèrè pé ṣé òótọ́ ni. Ibi tí mo máa sùn sí nìkan ló ń wá fún mi. Bí òun náà bá ti rántí ẹni tó bí i, ó mọ ọ̀nà Òde-Omi. Ojú omi ni, kì í ṣe ẹ̀yìn ayé."

"Èmi ńkọ́?" Fìyìnfólúwa bèèrè.

"Ìwọ, ọlidé ń bọ̀."

Èrò tó kẹ́yìn wọlé. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn pa, ó ní kí wọ́n kúrò lára ọkọ̀. Adépéjú ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Fìyìnfólúwa rìn tẹ̀lé fèrèsé náà díẹ̀, ó tẹ̀lé e títí eruku fi dé àárín wọn.

Ó ti fẹ́ kí Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Nínú gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ṣì ń rí orí gèlè Ìyá Àgbà láàárín orí àwọn èrò, tó ga ju ti gbogbo wọn lọ, tí kò bojú wẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ó lọ. Nígbà náà ni Fìyìnfólúwa mọ̀, pẹ̀lú omi lójú, pé bí Ìyá Àgbà bá ti sọ̀ kalẹ̀ lónìí, inú òun ìbá dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ìyá Àgbà tí kò tẹ̀ rí ìbá ti tẹ̀.

Ó padà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i láti fà á dìde.